Ọkọ̀ Tó Ń Làágùn

Nínú ilé wa, ọkọ̀ ojú omi Bàbá kì í jò. Ó máa ń làágùn ni. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Bàbá fúnra wọn ló gbé òfin náà kalẹ̀ lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ mù wọ́n dé kókósẹ̀ nídìí ẹ̀ńjìnnì, tí gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Wọ́n ní ohun tó bá ti dàgbà tó sì ń ṣiṣẹ́ agbára, dandan ni kó làágùn. Kí la fẹ́ sọ? Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́. A mú ike, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n òógùn dà sódò, láti ìgbà náà la sì ti ń gbọ́n ọn.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé lóòótọ́. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, láyé ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ki pákó sáàárín fáíbà níbi ìdí ọkọ̀, kí ibẹ̀ lè lágbára gbé ẹ̀ńjìnnì. Ó funfun nígbà kan. Ní báyìí, ó ti dà bí eyín ẹni tó ń mu tábà. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwa ọmọ lọ, mi ò sì bá wọn wí, nítorí ọkọ̀ kì í dáhùn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

Àpótí Màmá ló sọ òógùn di ẹjọ́. Àbíkẹ́yìn wa, obìnrin, bímọ ní òdìkejì odò nílé ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí oyún náà ti hàn ni Màmá ti ń fọwọ́ ara wọn hun aṣọ ọmọ: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, a gbé àpótí sí ìdí ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó, ó di òdìkejì. Màmá gbé bàtà wọn lé itan gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá wa kì í gbé bàtà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n ti mọ ìwà òógùn náà tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí níwájú àwọn àna, omi ló kọ́kọ́ jáde. Aró ìbọ̀sẹ̀ pupa ti ràn mọ́ fìlà funfun. Súwẹ́tà ti rún wómúwómú bí àkísà tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Màmá yíjú sí etídò níbi tí ọkọ̀ wà, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí jò." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ọkùnrin máa ń rín bí àna bá ń wò ó, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kì í jò, ó ní láti jẹ́ pé Màmá ló da omi sínú àpótí tí wọn ò mọ̀, ṣé ara ti ń dàgbà. Àwọn àna náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Màmá fún omi kúrò lára aṣọ náà, wọ́n sá a lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn, nígbà tí ilé sì yá, wọ́n ní àwọn ò lọ.

Lẹ́yìn náà ni Màmá pè mí lórí fóònù. "Sọ fún bàbá yín, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ pé ọkọ̀ yẹn jò, ọjọ́ náà ni mò ń bọ̀ wálé. Bí wọn ò bá sì sọ ọ́, ọmọ tuntun wà níbí, ibùsùn wà, ara mi le."

Mo jíṣẹ́. Bàbá ní ọkọ̀ àwọn kì í jò. Ó parí.

Báyìí ni ilé wa ṣe wá di ilé ọkùnrin. Bàbá ń mu tíì láìní ṣúgà, nítorí Màmá nìkan ló mọ ibi tí ṣúgà ń gbé. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn kì í bá ihò rẹ̀ pàdé mọ́, ọ̀kan á ṣẹ́kù lókè, ihò kan á ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Wọ́n tan rédíò sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ohùn kan lè ṣáà máa dún nínú ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo yà kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti gbé ife méjì sórí tábìlì. Wọ́n wo ife kejì títí, wọ́n dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wá bi mí bóyá ẹnì kan sọ pé kí n wá. Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi. Èmi náà ní ìyá, mo sì fẹ́ ìyá mi nílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ pé fáíbà ni iṣẹ́ mi. Mò ń ṣe táǹkì omi. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń mu omi láti inú ohun tí mo fọwọ́ mi mọ, kò sì sí ìkankan tó ń làágùn. Ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn rí. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe táǹkì kò lè mọ ọkọ̀, nítorí ti táǹkì, inú lomi ń gbé, ti ọkọ̀, ìta lomi ń gbé, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́ ni àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù. Ọ̀dà ló ń tà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó là tàbí tó ya lójú rẹ̀ tí kò ní fa túùbù gọ́ọ̀mù yọ lápò: bàtà, fèrèsé, ẹsẹ̀ tábìlì, etí ife. Ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni gọ́ọ̀mù kò mú. Lọ́dọọdún ló máa ń fi gọ́ọ̀mù pa ìdí ọkọ̀ Bàbá látòkè délẹ̀, títí ibẹ̀ fi wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Òógùn kò dá. Ó ní gọ́ọ̀mù ọdún yẹn ni kò dára.

Mo wá rí i pé bí mo bá fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe, àfi kí n fi èdè ilé wa tọrọ rẹ̀. Mo bá Bàbá ní pálọ̀, mo yí ohùn rédíò wálẹ̀, mo ní, "Bàbá, òógùn ọkọ̀ yìí ti ń pọ̀jù. Ó lè jẹ́ ibà. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n rò ó. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ara lásán, kò burú.

A fa ọkọ̀ sí abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, lórí kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gbé e. Bàbá gbé àga jáde, wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́ lẹ́rán bí adájọ́ tó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ní ká má fi àkókò ṣòfò, ìdérí ihò tí a fi ń da omi ọkọ̀ nù ni, òun ti mú tuntun dání. Ìdérí tuntun ló ń mú dání lọ́dọọdún. Mo sọ fún un pé a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, kó gbé ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kó wá bá mi di ẹ̀ńjìnnì mú. A jọ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Gbogbo ìdí ọkọ̀ ló bá a rìn, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Pákó tó wà láàárín fáíbà kò gbọ́dọ̀ rìn. Bàbá ní kò sí ohun tó dàgbà tí oríkèé rẹ̀ kì í rọ̀.

Mo mú òòlù, mo fi èèkù rẹ̀ ń lu ìdí ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Níbi tí ara bá ti le, á dún kò, kò, kò. Bí mo ṣe sún mọ́ àárín, ó yí padà, ó ń dún bù, bù, bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ní ohùn ọkọ̀ ló yàtọ̀ síra wọn. Mo fi ẹfun yí ibi tó ń dún bù náà ká, ó fẹ̀ tó àga tí Bàbá jókòó sí.

Ó kù ká mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Àwọn bóòtù onírin tó so ẹ̀ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn bóòtù tó so àkàbà tí Màmá fi ń gun ọkọ̀ wà níbẹ̀, ihò ìdérí náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn jókòó jẹ́jẹ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo bá ṣe ohun tí à ń ṣe fún táǹkì: mo na rọ́bà omi sínú ọkọ̀, mo da aró búlúù sí omi náà, mo jẹ́ kó kún dé ìdajì ìdí rẹ̀, mo nu ẹ̀yìn ìta gbẹ, a jókòó sórí garawa, a ń wò ó. Ibi tí omi inú bá gbà jáde lórí ilẹ̀, ibẹ̀ náà lomi ìta ń gbà wọlé lójú odò. Ọgbọ́n táǹkì náà nìyẹn.

Ihò ìdérí gbẹ. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù wò ó bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dalẹ̀ rẹ̀. Bóòtù ẹ̀ńjìnnì gbẹ. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu orin sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni omi kán láti abẹ́ bóòtù àkàbà, nísàlẹ̀, ó tún kán. Kì í ṣe búlúù. Àwọ̀ tíì ni. Ó ń kán, ó ń kán, ó pẹ́ díẹ̀ kí búlúù tó tẹ̀ lé e. Mo bi wọ́n pé ta ló ń mu tíì nínú ọkọ̀. Mo wá sọ fún wọn pé omi tó ti pẹ́ nínú pákó ni, omi tuntun ló ń tì í jáde.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìtàn àkàbà yìí. Ní òdìkejì odò, kò sí èbúté. Ọkọ̀ á dúró níbi tí omi dé orúnkún, èèyàn á sì fẹsẹ̀ rìn in jáde. Orúnkún Màmá kò dára, Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ló máa ń pọ̀n wọ́n lẹ́yìn jáde bí ọmọ ọwọ́, ojú sì máa ń tì wọ́n níwájú àwọn èèyàn. Bàbá kàn lọ ra àkàbà onírin, wọ́n fi dírììlì lu ìdí ọkọ̀, wọ́n dè é mọ́ ọn, wọ́n ń súfèé. Mo rántí bí Màmá ṣe ń gun àkàbà náà, tí wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ níwájú ilé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin. Kò sẹ́ni tó rántí fi nǹkan dí ẹ̀gbẹ́ bóòtù náà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ti Màmá ni. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ń fi gọ́ọ̀mù pa gbogbo ìdí ọkọ̀ lọ́dọọdún, ó ń yẹra fún àkàbà. Ó dí gbogbo ibi tí omi ìbá gbà jáde, ó fi ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bàbá dìde lórí àga. Ojú wọn tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Màmá ti lọ.

"Àkàbà ìyá yín!" ni wọ́n wí. "Ẹ ti rí i báyìí. Àkàbà ìyá yín ló ń fa òógùn."

Mo fi ọwọ́ ara mi wá ẹ̀rí fún ẹni tó jẹ̀bi. Bí Bàbá bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọdá odò, tí wọ́n sọ ọ́ níwájú àwọn àna kan náà, Màmá á kú sọ́hùn-ún, a ò sì ní lè bá wọn wí. Bàbá ti ń béèrè ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì wọn tó mọ́ wà.

Mo da omi ọkọ̀ nù, mo tú ẹ̀ńjìnnì àti àkàbà kúrò, mo wọnú ọkọ̀, mo fi maṣíìnì gé awọ fáíbà ti inú, mo fi ti ìta sílẹ̀, mo ká a kúrò bí ìdérí agolo. Òórùn tó jáde lé Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù sẹ́yìn. Ohun tó ń jẹ́ pákó níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́.

Wọ́n fún un. Omi gba àárín ìka wọn, ó ṣàn dé ìgúnpá, ó kán sára ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò dọ́gba. Wọ́n tún un fún, omi ṣì ń jáde.

"Bàbá," mo ní, "omi yìí ti wà níbẹ̀ kí a tó gbé àpótí Màmá lé e. Màmá ò da omi kankan."

Bàbá kò wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá nǹkan tí àwọn lè dà á sí. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù mú ọ̀rá wá. Wọ́n da ẹrẹ̀ náà sí i, wọ́n so ó, wọ́n gbé e kọ́ orí ìṣó lára ògiri, wọ́n sì bi mí pé kí ló kù tí a máa ṣe.

Iṣẹ́ kù. A ha pákó tó ti jẹrà náà kúrò títí a fi kan fáíbà ìta, a jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ dáadáa. Bàbá ló fi páálí gé ìwọ̀n ibẹ̀, wọ́n ń gé e, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń gé e, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá wọn fọwọ́ kàn án. A fi páálí náà gé pákó tuntun, mo po oje fáíbà títí ó fi ki, a fi lẹ pákó mọ́ ara ìta, a fi irin há a mọ́lẹ̀ kó má mira. Nígbà tó gan, mo tẹ́ aṣọ fáíbà lé e ní ìpele-ìpele, mo ń fi oje rin ín. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù bi mí níbo ni gọ́ọ̀mù ti wọlé nínú iṣẹ́ yìí. Mo ní kó máa fojú sọ́nà.

Nígbà tó kan àkàbà, mo dá a lábàá pé ká fi sílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ tí kò ní ihò kì í mu omi. Bàbá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

"Báwo ni ìyá yín á ṣe gun ọkọ̀?"

Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ lu ihò tó tóbi ju bóòtù lọ, a rọ oje dí i, a jẹ́ kó gan, wọ́n wá lu ihò kékeré sáàárín oje náà, kí bóòtù má fara kan pákó rárá. Wọn ò súfèé lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń kọ ìwé. Kí bóòtù tó wọlé, mo pe Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù, mo ní kó fi gọ́ọ̀mù yí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ sunkún. A tún da omi sínú ọkọ̀, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọwọ́ mi gbẹ.

Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ fúnra wọn, ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni áyọ́ọ̀nù kàn. Wọ́n já ọ̀rá náà lórí ìṣó, wọ́n tì í bọ àpò ṣòkòtò. Títí àwa mẹ́ta fi sọdá odò, mò ń ka gbogbo ohun burúkú tí wọ́n lè fẹnu wọn sọ, nítorí mo mọ ẹnu náà, òun ló bí tèmi.

Àwọn àna wà lábẹ́ igi níwájú ilé wọn. Màmá jókòó sáàárín wọn, ọmọ wà léjìká wọn, ó wọ súwẹ́tà tí àwọ̀ pupa ti ràn mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá kí gbogbo wọn. Wọ́n fa ọ̀rá yọ, wọ́n tú u, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú Màmá, pákó jíjẹrà ní gbangba.

"Ọkọ̀ yẹn jò," ni wọ́n wí. "Ó ti ń jò tipẹ́. Mo parọ́ mọ́ ọ níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí, níwájú wọn náà ni mo ṣe wá sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá fi ìka kan tú pákó náà wò. "Níbo lomi ń gbà?"

Ibẹ̀ rèé. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù di ọwọ́ mi mú. Ọ̀nà ti là gbooro sílẹ̀ fún Bàbá, kò ju kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ.

"Ihò kan tí mo lù," Bàbá ní. "Èmi ni mo lù ú, mi ò dí i."

Màmá wo Bàbá, wọ́n sì wo etídò, níbi tí oòrùn ti ń dán lára bóòtù tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ àkàbà. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń la ọ̀rọ̀ yé. Wọ́n gbé ọmọ fún àbíkẹ́yìn, wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Bàbá, wọ́n tú bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n dá a padà sínú ihò tó yẹ ẹ́, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n mú àpótí mi," ni wọ́n wí.

Wọ́n gun àkàbà fúnra wọn, wọ́n jókòó, wọ́n gbé bàtà lé itan. A ṣíkọ̀. Bàbá ń tu ọkọ̀, ṣùgbọ́n bàtà ni wọ́n ń wò. Nígbà tí a dé àárín odò, Màmá na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ ọkọ̀ látìhín dọ́hùn-ún, wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n wá gbé bàtà kúrò lórí itan, wọ́n tò ó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá, ìgbì rẹ̀ gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi fò wọlé, ó tàn ká ilẹ̀ dé ẹ̀bá bàtà. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù ti ki ọwọ́ bọ àpò. Bàbá la ẹnu, wọ́n tún pa á dé.

Màmá wo omi náà. Wọn ò gbé bàtà.

"Òógùn ni," ni wọ́n wí.